Bí Kì Í Bá Ṣe Ata, Kí Ló Ń Da Ìyá Ọkọ Mi Nínú Rú?

Ìyàwó Tuntun béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì pé ọdún kan. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi là ń gbé, èmi ni mo sì ń dáná. Inú màmá kì í gba nǹkan. Bí wọ́n bá jẹun tán, inú wọn á wú, á máa kùn, nígbà mìíràn wọ́n á yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan ní kí n yọ ata kúrò. Ẹnì kejì ní mágí ni, kí n máa fi irú nìkan se ọbẹ̀. Ẹnì kẹta ní atalẹ̀ àti ááyù ló ń wo inú sàn. Mo bá gba ti gbogbo wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo se ọbẹ̀ tí kò ní ata rodo, tí kò ní mágí. Kí ó lè dùn, mo lọ àlùbọ́sà ńlá mẹ́rin sí i, mo fi odidi orí ááyù kan àti atalẹ̀ kún un. Màmá jẹ ẹ́, wọ́n yìn mí. Nígbà tó di aago méjì òru, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú wọn le bí ìlù. Wọn ò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Kí ni kí n máa fi sí ọbẹ̀?

* * *

Màmá Onírú dáhùn:

Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú o. Fi ìtìjú sílẹ̀. Ohun tó o ṣe fún ìyá ọkọ rẹ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ṣe é fún ara mi fún ọdún méjì gbáko.

Èròjà ọbẹ̀ ni mò ń tà ní Ọjà Aràdà: irú, edé, ẹja gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀rù, ìyẹ́rẹ́. Ìyá mi ló fi àtẹ náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, ẹnì kan tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa wò mí lójú, ó ní ọ́sà ni, ìyẹn ọgbẹ́ inú, kí n má fẹnu kan ata mọ́. Mo gbà. Ọbẹ̀ tí kò láta, ẹ kúkú mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Kí n lè rí i gbé mì, mo fi àlùbọ́sà rọ́pò ata. Ibi tí mo ti ń lo ẹyọ kan, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Inú ń wú sí i, èmi ń sọ pé ata tí mo ti jẹ látẹ̀yìnwá ló ń jà. Ìró tí mo bá ró láàárọ̀ tó ṣe wẹ́kú, tó bá dọ̀sán, màá tú u tún ró nídìí àtẹ, níṣojú oníbàárà.

Nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀, àlùbọ́sà mẹ́rin àti odidi orí ááyù yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ata tí o kò fi sí i kò lè jẹ́bi.

Àmọ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú ìgbẹ́ màmá? Ṣé ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà? Ṣé wọ́n ń rù, ṣé wọ́n ń bì? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, pa ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa nílùú yìí. Láti 1907 ni ti àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà níbí. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìkòkò.

* * *

Màmá Onírú tún kọ:

Àwọn kan ti ń bínú sí mi nítorí àlùbọ́sà, màá dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun.

Ọmọ mi obìnrin tó kàwé nípa oúnjẹ ló là mí lóye. Ó ní nǹkan kan wà nínú àlùbọ́sà àti ááyù tó ń jẹ́ fructan. Ìbátan ṣúgà ni, ṣùgbọ́n ó gùn bí okùn, ara ọmọ ènìyàn kò sì ní ọ̀bẹ tó lè gé e. Kò sẹ́ni tó ní i, àtẹni tí inú rẹ̀ le àtẹni tí inú rẹ̀ jẹ́ ẹlẹgẹ́. Kò ní dà nínú agbẹ̀du, kò ní dà nínú ìfun kékeré. Bó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé ibẹ̀ á rọ́ bò ó, wọ́n á máa jẹ ẹ́, gáàsì á máa jáde. Ó tún máa ń fa omi wọ inú ìfun. Ẹni tí ara rẹ̀ le á só lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo nǹkan, bíi tèmi, á rò pé ẹnì kan ń fẹ́ bọ́ọ̀lù nínú òun.

Yunifásítì Monash ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé ọ̀rọ̀ yìí lórí jù. Ní 2005 ni wọ́n gbé orúkọ FODMAP jáde fún ìdílé àwọn ṣúgà tó ń ṣe báyìí. Fructan wà nínú ìdílé náà, ṣúgà inú ẹ̀wà tó ń mú inú kùn náà wà níbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí: mi ò pè é ní májèlé. Oúnjẹ gidi ni fún àwọn kòkòrò inú ìfun yẹn, wọ́n sì wúlò fún wa. Inú màmá ni kò gba ariwo wọn.

* * *

Màmá Onírú dá àwọn tó ń bínú lóhùn:

Mo ti ka gbogbo èsì. Bàbá Tíṣà ní àlùbọ́sà ni oògùn, pé bàbá àwọn a máa gé e ní tútù sórí ẹ̀wà títí wọ́n fi darúgbó. Aláṣọ Òkè ní bí mo bá se é tó bá yọ́ pátápátá, agbára rẹ̀ ti tán. Ẹlòmíràn ní òun kì í lọ̀ ọ́, odidi ni òun ń jù sínú ọbẹ̀, bí ọbẹ̀ bá jinná òun á fi ṣíbí gbé e jù nù.

Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Ìfun bàbá yín nìyẹn, Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ìyá ọkọ ọmọ yìí kì í ṣe bàbá yín.

Ní ti sísè: iná kì í pa fructan tó bẹ́ẹ̀. Ní ti gbígbé e jù nù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ sí, torí èmi náà ti ṣe é rí, mo sì rò pé mo gbọ́n. Fructan a máa yọ́ nínú omi. Bí àlùbọ́sà bá ti wọ ọbẹ̀ olómi, fructan rẹ̀ á jáde sínú omi yẹn. Ohun tí o ń gbé jù nù ni pàǹtí. Ẹ̀ṣẹ̀ ti wà nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í yọ́ nínú òróró. Òórùn dídùn àlùbọ́sà ló ń wọ inú òróró. Ọmọ mi sọ èyí fún mi, mo ní irọ́ ni, mo dán an wò láàárọ̀ Sátidé kan, mo sùn dé ìdájí.

Gbé òróró kaná, ìwọ̀n agolo mílíìkì kan. Bó bá jẹ́ epo pupa lo fẹ́, kò burú. Gé àlùbọ́sà kan sí nǹkan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí owó idẹ, má gé e wẹ́wẹ́ kí o lè rí gbogbo rẹ̀ kó. Jẹ́ kí iná wà nílẹ̀. Á kọ́kọ́ máa dún ṣààṣà, omi ara rẹ̀ ló ń gbẹ yẹn. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba ilé, ẹni tó wà lójúde á béèrè pé kí lẹ̀ ń sè. Bí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n bí awọ àkàrà, fi ṣíbí oníhò kó gbogbo rẹ̀ kúrò, má ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìgbà náà ni kí o tó da ata lílọ̀ sí i. Bí ata tútù tàbí omi bá fi kàn án kí o tó kó o, o ti bẹ̀rẹ̀ ìjà padà. Bí o ṣe lè ṣe ááyù náà nìyẹn. Ẹ kíyè sí ááyù o: bí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, fructan inú rẹ̀ ju ti àlùbọ́sà lọ fíìfíì.

Àlùbọ́sà díndín tó o kó jáde, fún ọkọ rẹ. Kò ní bínú.

Ọ̀nà kejì ni àlùbọ́sà eléwé. Apá tó ní àwọ̀ ewé nìkan ni kí o lò. Ìdí rẹ̀ funfun yẹn, ìyá kan náà ló bí i pẹ̀lú èyí tí à ń sá fún.

* * *

Màmá Onírú, lórí irú àti mágí:

Ọmọ Ajílété kọ gbólóhùn kan péré: «Ẹ ju mágí nù, ẹ padà sí irú, gbogbo àìsàn á lọ.» Ènìyàn bí ogún ló ti yìn ín. Irú ni mò ń tà. Ó yẹ kí n kí i, kí n sì fún un ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò pé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú ṣe ń di irú, torí àwọn tó ń yìn ín jù ni kò dé ìdí ìkòkò rẹ̀ rí. Igi irúgbá ló ń so ó. A ó sè é láti àárọ̀ ọjọ́ kan di ọjọ́ kejì, torí èèpo rẹ̀ le bí òkúta. A ó tẹ̀ ẹ́, a ó fọ èèpo dúdú yẹn nù, a ó tún un sè. Lẹ́yìn náà a ó dà á sínú igbá ní gbígbóná, a ó fi ewé àti aṣọ bò ó fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìyá mi a máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà lóru bí ẹni tó ń wo ibà ara ọmọ. Bó bá gbóná lọ́wọ́, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá tutù, wọn kì í sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ́ aṣọ yẹn. Irú jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, ó sì ní ṣúgà inú ẹ̀wà yẹn tó ń mú inú kùn. Kòkòrò náà á ti jẹ púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn kí irú tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ibi tí irú ti ń ṣàánú ìfun nìyẹn. Ẹ sì tún wo bí a ṣe ń lò ó: ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan fún ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe àwo kan.

Kòkòrò yẹn tún ń fọ́ ara irú kéékèèké, glutamate á sì jáde. Ìyẹn ló ń mú un dùn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ o: glutamate kan náà ló wà nínú ajínómótò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ló yọ ọ́ nínú ewéko òkun ní 1908. Ẹni tó ń bú ajínómótò, tó sì ń fi irú jẹ ewédú, bàbá kan náà ló bí ohun tó ń bú àti ohun tó ń yìn.

Kí ló wá burú nínú mágí? Ẹ yí pálí rẹ̀ padà. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má kọjá gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà ni o. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá bá ń ga, ẹ rántí èyí. Ṣùgbọ́n ní ti inú wíwú, ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì lẹ́yìn pálí: onion, garlic. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ mọ̀ pé lúbúlúbú àlùbọ́sà àti ááyù gbígbẹ ló wà níbẹ̀, ìyẹn fructan tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Àwọn mágí kan ní i, àwọn kan kò ní i. Kọ́rì inú ike náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á lu gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì pè é ní èròjà ọbẹ̀ láìkọ nǹkan kan sára rẹ̀. Èyí tí a bù sínú ọ̀rá ní ọjà, èmi kì í tà á fún ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu. Oníbàárà mi kan bínú lọ nítorí ẹ̀. Ó padà wá.

Ẹ bi mí nípa wooro àti pẹ̀tẹ̀. Irú wooro ni mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn abínúẹlẹgẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ lè fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ lè rí òkúta inú rẹ̀, ẹ lè fọ iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Pẹ̀tẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kò ṣeé yọ mọ́.

* * *

Màmá Onírú, fún ẹni tó béèrè gbẹ̀gìrì:

Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yà? A ò ṣáà lè sọ ọ̀rọ̀ inú nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ká má kan gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà ni, ṣúgà tó ń kùn wà nínú ẹ̀wà. Rẹ ẹ́ mọ́jú, bó èèpo rẹ̀ tónítóní, da omi tó o fi rẹ ẹ́ yẹn nù, fi omi tuntun sè é. Omi tó o dà nù ti gbé díẹ̀ lọ. Ìdajì ṣíbí ìbubẹ̀ lórí ewédú, kì í ṣe àwo tó ń léfòó.

Ní ti òkèlè, láfún kò bá ẹnì kan jà nílé wa. Wọ́n ti fi oríkì bú wa tó pé à ń jẹkà kí á tó mùkọ. Mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń dúró. Ọbẹ̀ orí rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Kán-ún inú ewédú: díẹ̀. Ọ̀pá ìjábẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń bẹ kán-ún sí, bí apá kò bá ń ro yín.

* * *

Màmá Onírú, lórí ata:

Bàbá Tíṣà tún padà wá, wọ́n ní nísinsìnyí mo fẹ́ sọ pé ata kò ní ẹ̀bi. Rárá o. Ata ní ẹ̀bi tirẹ̀, ẹ̀bi ẹlòmíràn ni kí a má dì rù ú.

Ohun tó ń ta nínú ata ń jẹ́ capsaicin. Bí ẹ bá la ata rodo sí méjì, ẹ máa rí awọ funfun kan tí kóró rọ̀ mọ́. Inú awọ funfun yẹn ló ń gbé. Kóró kàn fara kàn án ni. Fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré ha awọ yẹn kúrò, rodo kan náà á ṣì máa ta sánsán nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní máa jó ìfun. Kí o má fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Scoville, gbé òṣùwọ̀n ata kalẹ̀ ní 1912. Ata tí kò ta rárá wà ní òdo, ti rodo a máa wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé rodo mẹ́fà tàbí òfìfo la máa ń ṣe? Tàtàṣé ń bẹ lọ́jà. Ó ń pọ́n ọbẹ̀, ó ń mú un ki, kì í sì í fìyà jẹ ènìyàn. Tàtàṣé mẹ́rin, ìdajì rodo tí a ti ha inú rẹ̀, òróró tó ti gba òórùn àlùbọ́sà, irú, edé gígún. Ọbẹ̀ mi nìyẹn. Ọkọ mi ń jẹ ẹ́ kò sì mọ̀ pé ọbẹ̀ aláìsàn ni.

Ọ́sà ńkọ́? Ọgbẹ́ inú kì í ti inú ata wá. Dókítà méjì ní Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, ló rí i pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall bu kòkòrò náà mu bí ẹni mu àgbo, láìpẹ́ agbẹ̀du rẹ̀ wú, ó ń bì. Ní 2005 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Àyẹ̀wò wà fún kòkòrò yẹn, oògùn rẹ̀ sì wà. Bí ọgbẹ́ bá ti wà nílẹ̀, ata lè ta á, bí ata ṣe ń ta ojú egbò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbẹ́ ihò náà.

Ohun kejì tó ń gbẹ́ ihò yẹn ni oògùn ara ríro. Lọ́jà wa, àwọn tó ń gbé oògùn kiri nínú páànù mọ orúkọ gbogbo orókún. Obìnrin á gbé oògùn orókún mì láàárọ̀ láìjẹun, lálẹ́ á ní ata rodo tí òun jẹ ló ń bá òun jà. Ìyàwó wa, béèrè lọ́wọ́ màmá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun tí wọ́n ń lò fún orókún.

* * *

Màmá Onírú, kíákíá lórí àwọn tó kù:

Atalẹ̀: ẹ máa lò ó. Ẹ kàn má so ó mọ́ ááyù bí ìbejì. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Atalẹ̀ a máa mú kí èébì rọlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, àyà á máa ta ẹlòmíràn, nítorí náà ìwọ̀n àtàǹpàkò ọmọdé tó.

Efinrin: ewé márùn-ún mẹ́fà ní òpin sísè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kọ́rì lọ.

Táìmù kò ní wàhálà. Edé gígún àti ẹja gbígbẹ, àwọn ni mo gbára lé jù, àfi ẹni tí edé ń mú ara rẹ̀ yún.

Ìyẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀rù, atare: ẹ má fi kọ́ inú ẹlẹgẹ́. Mò ń tà wọ́n, mo mọ agbára wọn. Ọbẹ̀ ìyá ọmọ tuntun ni ipò wọn.

Òróró tó léfòó lórí ọbẹ̀ bí adágún náà wà nínú ẹjọ́. Ọ̀rá a máa mú oúnjẹ pẹ́ nínú agbẹ̀du. Màmá tó bá jẹ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, tó sì sùn ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, àyà á ta á, kò kan ata.

* * *

Ìyàwó Tuntun padà wá:

Ẹ ṣeun, Màmá. Mi ò rí ẹ̀jẹ̀, wọn ò rù. Ṣùgbọ́n oògùn orókún yẹn, ẹ jẹ́ bí aríran. Ó wà nínú àpò lábẹ́ ìrọ̀rí, pupa àti òféèfé, kò ní orúkọ kankan lára. Ọkọ mi ti mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣàyẹ̀wò, wọ́n gba oògùn yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní ti ọbẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé àlùbọ́sà ni, kì í ṣe oògùn yẹn?

* * *

Màmá Onírú dáhùn:

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ìwọ ló bi mí dáadáa jù lónìí.

Yọ àlùbọ́sà àti ááyù kúrò pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní méjì sí mẹ́fà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ kò dáa, kì í ṣe oúnjẹ ayérayé. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, má ṣe yọ nǹkan mẹ́wàá mìíràn, má sì fi àgbo tuntun kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí inú bá rọlẹ̀, dá àlùbọ́sà padà, òun nìkan: ìdámẹ́rin ẹyọ kan nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìdajì lọ́jọ́ kejì, ẹyọ kan lọ́jọ́ kẹta. Máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí màmá bá gba ìdajì láìsí ariwo, ìdajì ni ìwọ̀n wọn nìyẹn, ẹ má fi ìyókù du wọ́n. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe dá a padà ni ìlù tún bẹ̀rẹ̀ lóru, o ti mú olè. Ẹ sinmi ọjọ́ mẹ́ta, kí o tó dán ááyù wò.

Èmi, ìdámẹ́rin àlùbọ́sà ni mo lè gbà. Ááyù, òdo. Ata rodo tí gbogbo wọn fi ń dẹ́rù bà mí láti ọdún wọ̀nyí, mò ń jẹ ẹ́.

* * *

Ìyàwó Tuntun, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin:

Màmá ń sùn. A dá àlùbọ́sà padà, ìdajì kọjá láìjà, lọ́jọ́ tí mo lo odidi ẹyọ kan ni ìró tún fún wọn. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n tún ní kí n bi yín bóyá àwọn lè jẹ gbẹ̀gìrì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tó ń bọ̀. Ìbéèrè tèmi kéré: mo se òróró alááyù tí ẹ ní kí n ṣe, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi ááyù díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè dùn sí i, ó wà lórí fèrèsé láti ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń dán. Ṣé ó ṣì dáa?

* * *

Màmá Onírú dáhùn:

Gbẹ̀gìrì, kí wọ́n jẹ ẹ́, ìdajì ṣíbí ìbubẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sàn-án kì í ṣe lálẹ́.

Ìgò yẹn, dà á nù lónìí. Má tọ́ ọ wò. Ááyù tó rì sínú òróró kò rí afẹ́fẹ́, kòkòrò kan sì wà tó jẹ́ pé ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ gan-an ló ti ń pọ̀, Clostridium botulinum ni wọ́n ń pè é. Májèlé rẹ̀ lè pa ènìyàn, kò sì ní rùn, kò ní yí àwọ̀ òróró padà. Ó lè máa dán bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ní agolo mílíìkì kan nìyẹn: èyí tó máa tán nínú ìkòkò ọjọ́ yẹn ni kí o ṣe. Bí ẹ bá ní fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, ó lè lo ọjọ́ méjì, mẹ́ta níbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti kó gbogbo ááyù kúrò. Iná àdúgbò yín ńkọ́? Tiwa níhìn-ín, àná la rí i gbẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń se tèmi.